Ààlà Tó Yà fún Igi Àgbálùmọ̀

Orí òpó irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Másífà ni Jamaldeen wà nígbà tó kọ́kọ́ rí i. Oòrùn òwúrọ̀ ti mú, ewé ẹ̀gẹ́ sì tẹ́ lọ rẹrẹ títí dé etí igbó. Láàárín ewé náà ni obìnrin kan ti ń rìn, akẹtẹ̀ ńlá lórí rẹ̀, bàtà òjò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò rìn bí ẹni tó ń lọ síbì kan. Yóò gbé ẹsẹ̀ díẹ̀, yóò dúró, yóò na ohun dúdú kan sí ojú ọ̀run, yóò ṣe gbọn-in bí ẹni tí wọ́n ń ya ní fọ́tò, kó tó tún gbéra. Nígbà tó dé ìdí pérégún kan, ó fi ọwọ́ pa ewé rẹ̀ lára bí ẹni tó ń kí ènìyàn, ó sì tún na ọwọ́ sókè.

Nọ́ọ̀tì tí Jamaldeen fi eyín dì mú já bọ́. Ó bà lé páànù ilé ìwé, ó ró gbà. Obìnrin náà gbójú sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Jamaldeen wí láti òkè. "Kí ló sọnù lọ́wọ́ yín?"

"Nǹkan kan ò sọnù. Ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n."

"Ilẹ̀ lẹ̀ ń wọ̀n, ojú ọ̀run lẹ nawọ́ sí."

"Ibẹ̀ ni sátẹ́láìtì ti ń sọ ibi tí mo dúró sí fún mi." Ó ti akẹtẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kó lè rí i dáadáa. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ló lé yín gun òpó?"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

"Ó ti fẹ́ bá yín?"

"Èmi ni mò ń lé e. Kì í ṣe òun ló ń lé mi."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Jamaldeen kò sọ̀ kalẹ̀ títí tó fi wọ inú igbó. Láti òkè ibẹ̀ ó rí gbogbo ọ̀nà tó rìn, bí ewé ṣe ń yà fún un, tí wọ́n sì ń padà sí ipò wọn lẹ́yìn rẹ̀.

Fáfúnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Fákáyọ̀dé ni, àgbẹ̀ tó ń dáko iṣu àti ẹ̀gẹ́ ní Másífà, tó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń sin Ògìyán. Ó kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú ńlá kí àìsàn tó dá ìyá rẹ̀, Ọmọpẹ́, dùbúlẹ̀. Ó padà wá tọ́jú rẹ̀. Ìyá náà kú ní ìgbà òjò èṣí. Fáfúnkẹ́ kò lọ mọ́, nítorí ó ku bàbá rẹ̀ nìkan nílé. Iṣẹ́ tó rí nítòsí ni ti máàpù oko tí wọ́n ń ṣe káàkiri agbègbè Ẹ̀jìgbò, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè gba ìwé ilẹ̀ tirẹ̀.

Ní ti Jamaldeen, Abidjan ni wọ́n bí i sí. Ará Másífà ni bàbá àti ìyá rẹ̀, òwò ló gbé wọn lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà di òní. Ó kọ́ iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀ kó tó padà wálé. Ọ̀dọ̀ Mùnírù, àbúrò bàbá rẹ̀, tí òun náà ti Abidjan dé kò pẹ́, ló ń gbé. Tonton ló ń pè é, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe ń pe àbúrò bàbá wọn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Fáfúnkẹ́ gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí ilé ẹ̀kọ́ náà. Gbogbo àmì ibi tó dúró sí, tó ń gbà lóko, àti àwọn fọ́tò tí ẹ̀rọ kékeré tí ń fò ń yà láti òkè, gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì wọn ní Òṣogbo. Fóònù kò lè gbé wọn.

"Ibi tó yẹ lẹ wá," ni Jamaldeen wí. Ó na ọwọ́ sí díìṣì tó wà lórí òpó. "Ọgọ́rùn-ún mẹ́gà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Kí ẹ tó mu omi tán, ó ti dé."

Fáfúnkẹ́ mu omi tán. Ó jẹ ẹ̀pà tó wà nínú báàgì rẹ̀. Ó tú bàtà òjò rẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ inú rẹ̀ dànù, ó sì tún wọ̀ ọ́. Ìlà tó ń fi bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ hàn lójú kọ̀ǹpútà kò tíì dé ìdajì.

"Ṣé kí n lọ bu omi mìíràn?" ló bi í.

Jamaldeen họ orí. Ó pè é wá sójú fèrèsé, ó fi ilé ìyangàrí tó wà ní òdìkejì ọ̀nà hàn án, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ wo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ yẹn. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́wàá kò tó nǹkan lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ kí omi rẹ̀ ro, wọ́n á sẹ́ ẹ, agbada kan ṣoṣo ló sì wà tí wọ́n á fi yan án. Bó ti wù kí ẹ̀rọ yẹn yára tó, ohun tí agbada bá yan tán ni wọ́n ń rí gbé lọ sọ́jà. Bí ọ̀nà tí dátà ń gbà ṣe rí nìyẹn. Díìṣì yìí yára. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò ó, ilé ìtọ́jú aláìsàn ń lò ó, òpó tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ẹ̀jìgbò kò tóbi. Tí òjò bá sì ṣú, apá kan á sọnù lọ́nà, á di pé ká tún un rán."

Fáfúnkẹ́ yíjú kúrò lójú fèrèsé. "Ìyẹn ni pé nọ́ńbà ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ sọ fún mi. Gàrí ni mo béèrè."

Jamaldeen fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, gàrí ni àwọn méjèèjì ń pe ohun tó bá dé Òṣogbo lóòótọ́. Tí Fáfúnkẹ́ bá wà lóko, á tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù: Gàrí ńkọ́? Jamaldeen á dáhùn pé: Ó ti fẹ́ jinná. Nígbà mìíràn: Ẹ̀gẹ́ ṣì ń ro.

Jamaldeen ṣàkíyèsí pé àárọ̀ kùtù, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, ni ọ̀nà máa ń tú jù. Ó sọ fún Fáfúnkẹ́, Fáfúnkẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tètè wá. Jamaldeen á ti bu tíì sínú ife méjì dè é, á sì ti fi bọ́tà sínú búrẹ́dì bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Abidjan. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi kúrò lẹ́nu wọn tó di "o". Àwọn ìgbà kan wà tí iṣẹ́ ti lọ tán pátápátá, tí kò sí èyí tó rántí yẹ kọ̀ǹpútà náà wò nínú wọn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n jọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé, fóònù Fáfúnkẹ́ dún. Ohùn bàbá rẹ̀ jáde ketekete.

"Àbẹ̀kẹ́, ilẹ̀ ń ṣú."

"Mo ń bọ̀, bàbá."

Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, Jamaldeen wí jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tọ́ nǹkan wò: "Àbẹ̀kẹ́."

"Rárá o. Bàbá mi nìkan ló ń pe oríkì mi. Ìyá mi ló ṣìkejì, ó sì ti lọ."

"Kí ni kí n máa pè ọ́?"

"Fáfúnkẹ́ ni wọ́n kọ sínú ìwé."

"Orúkọ inú ìwé máa ń tutù."

"Gbé e ka iná."

"Ta ni mo lè tọrọ oríkì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀?"

Fáfúnkẹ́ gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. "Lọ bi ẹni tó ni ín," ló wí, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Ẹni tó ni ín máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ kan tó wà ní ìpẹ̀kun oko rẹ̀. Ọmọpẹ́ ló gbin igi náà. Ibẹ̀ ni oko Fákáyọ̀dé àti oko ìdílé Mùnírù ti jọ pààlà. Pérégún tí wọ́n fi pààlà tò lọ gbọọrọ, ṣùgbọ́n bó ṣe dé ọ̀dọ̀ igi yìí, ó yà, ó yí i ká, ó wá padà sójú ọ̀nà rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni Fákáyọ̀dé ti ń parí iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Kì í sunkún. Á fi etí aṣọ funfun rẹ̀ nu ọwọ́, á jókòó, títí ojú ò fi ní ríran dáadáa mọ́.

Jamaldeen dọ̀bálẹ̀ sórí ewé gbígbẹ níwájú rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá."

"Ọmọ ta ni ọ́?"

"Ọmọ ilé Mùnírù ni mí, àwọn tí ẹ jọ pààlà. Jamaldeen lorúkọ mi."

"Èyí tí ń gun òpó."

"Èmi ni, bàbá."

"Dìde. Kí lo bá wá?"

"Nítorí Fáfúnkẹ́ ni mo ṣe wá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ mí kí àwọn ènìyàn mi tó wá rí yín."

Fákáyọ̀dé wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Àwọn ọmọ Abidjan máa ń padà lọ," ló wí.

"Èmi ò ní padà lọ, bàbá."

"Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Ó gbé ewé kan kúrò lórí orúnkún rẹ̀. "Mùsùlùmí ni ọ́, Ògìyán ni èmi ń sìn. Ìyẹn kọ́ ló máa dí ọ lọ́nà, ẹbí wa gba gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá o máa ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá fi sí ọ lọ́wọ́. Máa wá lọ́jọ́ tí o kò bá gun òpó. Màá máa wò ọ́."

Jamaldeen sì ń lọ síbẹ̀. Ó kọ ebè, ebè rẹ̀ wọ́. Fákáyọ̀dé tú u ká, ó ní kó tún un kọ. Fáfúnkẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń bó ẹ̀pà jẹ, ó ń sọ pé òun kò mọ̀ pé wọ́n ń kọ ebè ní ìrísí búrẹ́dì ní Abidjan. Ọjọ́ kan wà tí bàbá náà fi iṣu sísun lé Jamaldeen lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó fún un. Fáfúnkẹ́ rí i. Inú rẹ̀ dùn wọ ilé.

Nígbà tí iṣẹ́ Másífà parí, ọ́fíìsì Òṣogbo ránṣẹ́ pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, kí àwọn lè tẹ máàpù náà jáde fún aráàlú láti wò. Fáfúnkẹ́ sì ní láti lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn lọ́jọ́ kan náà. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún Jamaldeen.

"Ó wà lọ́wọ́ rẹ o."

"Bí ẹyin ni màá ṣe gbé e."

Ọjọ́ náà le. Òjò ṣú láti àárọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Iṣẹ́ náà á lọ díẹ̀, á já, á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sán, fóònù rẹ̀ dún: Gàrí ńkọ́?

Kò wù ú láti dáhùn pé ẹ̀gẹ́ ṣì ń ro. Ó mọ ibì kan nínú kọ̀ǹpútà náà tí ènìyàn lè tẹ̀ tí ẹrù á fi fúyẹ́. Kọ̀ǹpútà á sọ fọ́tò di kékeré; níbi tí àmì bá ti pọ̀, á yọ èyí tó bá rò pé kò pọn dandan, á sì fa ìlà tààrà láàárín àwọn tó kù. Jamaldeen tẹ̀ ẹ́. Ẹrù náà dín kù, ó sì kọjá. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Fáfúnkẹ́ pé: Gàrí ti jinná.

Èsì tó rí gbà ni: O ṣeun, ọkọ mi ọ̀la.

Fáfúnkẹ́ kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Jamaldeen ka èsì náà, ó tún un kà, ó sì dákẹ́ lórí ohun tó ṣe.

Wọ́n lẹ máàpù náà mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀jìgbò. Ẹni tó bá ní ẹ̀sùn ní àyè títí ọ́fíìsì Òṣogbo á fi tì lọ́jọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ilẹ̀ á jáde bí máàpù ṣe wí. Fákáyọ̀dé wọ mọ́tò lọ, ó mú awò ojú rẹ̀ dání. Ó rí oko rẹ̀. Ó fi ìka tọ ààlà rẹ̀ láti ojú ọ̀nà lọ sí ìpẹ̀kun. Ibi tí ìlà yẹn ti yẹ kó yà, kò yà. Ó lọ tààrà. Igi àgbálùmọ̀ náà hàn roboto nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ Mùnírù ló wà.

Ó padà sílé, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́ sí Òṣogbo?"

"Jamaldeen ni, bàbá."

"Ọmọ ilé Mùnírù." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ká a. "Ó ti gba igi ìyá rẹ fún àbúrò bàbá rẹ̀. Sọ fún un pé kó má wá síbí mọ́. Bí igi yẹn kò bá padà sínú ilẹ̀ wa, n kò ní ọmọ tí màá fún un."

Fáfúnkẹ́ bá Jamaldeen ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwé. Kò jókòó.

"Sọ pé ìwọ kọ́."

"Èmi ni," ni Jamaldeen wí, ó sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. "Mo rò pé àmì ibẹ̀ kàn pọ̀ jù ni."

"Gbogbo ibi tí mo ti nawọ́ sókè yí igi yẹn ká, o ní ó pọ̀ jù." Ohùn rẹ̀ kò ga. "Bàbá mi gbà pé o jí i. Èmi mọ̀ pé o ò jí i, o fẹ́ kí n yìn ọ́ ni. N kò mọ èyí tó dùn mí jù nínú méjèèjì."

"Màá tún un ṣe."

"O máa tún un ṣe. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń tì í."

Èyí tó pé ṣì wà nínú ẹ̀rọ Fáfúnkẹ́. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì ní àwọn fẹ́ gbogbo rẹ̀, àmì àti fọ́tò, kí àwọn lè fi ojú ara àwọn rí i pé ààlà náà yà lóòótọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ó já lẹ́nu ọ̀nà. Ní àárọ̀ kùtù Jímọ̀, nígbà tí ọ̀nà máa ń tú, ó tún já, nítorí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀sùn káàkiri ìpínlẹ̀ ló ń rán tirẹ̀ sí ibì kan náà. Jamaldeen gun òpó, ó yí díìṣì síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Láti òkè ibẹ̀ ló ti rí ẹnì kan tó ń bọ̀ nínú aṣọ funfun.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Kó tó di pé Fákáyọ̀dé sọ̀rọ̀, ó ti dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo dín ìlà yẹn kù. Kò sẹ́ni tó rán mi. Ọ̀nà kò gba ẹrù, mo bá gé ẹrù kù, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Fákáyọ̀dé wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. "Èyí tó pé dà?"

"Inú kọ̀ǹpútà ni. Ó ń lọ."

"Ṣé ó ń lọ, àbí ó dúró?"

Jamaldeen yíjú wo ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà. "Ó dúró, bàbá."

Fáfúnkẹ́ wà lójú fèrèsé. Ní ilé ìyangàrí, wọ́n ń di àpò gàrí mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà kan.

"Jamaldeen, ṣé epo wà nínú ọ̀kadà rẹ?"

"Ó wà."

"Tí o bá gbé mẹ́mórì káàdì kan láti ibí, tó fi wákàtí kan àbọ̀ dé Òṣogbo, èwo ló gbé ẹrù jù, òun àbí díìṣì rẹ?"

Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣòro láti jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀kadà ni."

"Díẹ̀ ni àbí púpọ̀?"

"Púpọ̀."

"Àwa wá jókòó ti ẹ̀gẹ́ níbí," ni Fáfúnkẹ́ wí, ó sì ti ń da iṣẹ́ náà sínú káàdì. Kò tóbi ju èékánná lọ. Jamaldeen na ọwọ́ láti gbà á, ṣùgbọ́n ọwọ́ Fákáyọ̀dé ti dé ibẹ̀ ṣáájú.

"Èmi ni màá gbé e. Ìwọ, wa ọ̀kadà." Ó dì í mọ́ etí aṣọ funfun rẹ̀, ó ta á ní kókó.

Wọ́n kọjá Ẹ̀jìgbò, wọ́n kọrí sí ọ̀nà Òṣogbo. Nígbà tí wọ́n ń wọ Ìlobùú, òjò dé. Jamaldeen ya sábẹ́ àtíbàbà ẹni tí ń lẹ táyà. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bo orúnkún bàbá náà àti ibi tí kókó aṣọ náà wà. Fákáyọ̀dé jẹ́ kó ṣe é.

Òjò ń rọ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Fákáyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ojú ọ̀nà ló sì ń wò.

"Ìyàwó tuntun ni Ọmọpẹ́ nígbà náà. Ó jẹ àgbálùmọ̀ lóko, ó ri kóró rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé ó ti kọjá ààlà. Nígbà tó hù, ó ń bomi rin ín. Bàbá bàbá rẹ ló bá a níbẹ̀. Ó ní, 'Ìyàwó, ilẹ̀ mi lò ń bomi rin yìí.' Ọmọpẹ́ kúnlẹ̀, ó ní òun á hú u. Bàbá yẹn ní kó fi í sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní kí n gé pérégún wá. Òun fúnra rẹ̀ ló rì í mọ́lẹ̀ yí igi náà ká. Ó ní láti ọjọ́ yẹn lọ, ibẹ̀ ni ààlà wa."

Jamaldeen kò lè gbójú sókè. "N kò mọ̀, bàbá."

"O ò lè mọ̀. Wọn ò tíì bí ọ. Tonton rẹ náà kéré nígbà náà, Abidjan ló sì ti dàgbà." Ó fọwọ́ kan kókó aṣọ náà bóyá ó ṣì gbẹ. "Ohun tí bàbá bàbá rẹ ṣe fún wa ni ẹ̀rọ rẹ ní kò pọn dandan."

Òjò náà dá. Jamaldeen fi ọwọ́ nu àga ọ̀kadà gbẹ kí bàbá náà tó gùn ún.

Ní ọ́fíìsì, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ooreolúwa ló gba káàdì náà. Ó kì í bọ kọ̀ǹpútà, ó dúró. Oko Másífà jáde lójú rẹ̀, ewé lórí ewé. Ìlà pupa kan bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà, ó tò lọ gbọọrọ, ó dé ọ̀dọ̀ igi kan, ó yà, ó yí i ká, ó wá padà.

"Ṣé èyí ni, bàbá?"

Fákáyọ̀dé fi ìka tọ ibi tí ó yà sí lójú kọ̀ǹpútà náà, jẹ́jẹ́. "Òun ni."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ jọ pààlà ńkọ́? Tí òun kò bá gbà, n kò lè yí i padà."

Jamaldeen pe Fáfúnkẹ́. Fáfúnkẹ́ ti ro ìyẹn ṣáájú wọn, ẹ̀gbẹ́ Mùnírù ló wà, ó sì gbé fóònù fún un. Ohùn ọkùnrin náà kún ọ́fíìsì.

"Ẹ káàsán, màdáàmù. Mo dúró nídìí igi náà báyìí, ọmọ Fákáyọ̀dé ló mú mi wá. Voilà, òun rèé níwájú mi. Mo ti rí máàpù yín ní gbọ̀ngàn, kí n má purọ́, ìlà tó lọ tààrà yẹn wù mí. Ṣùgbọ́n pérégún tí mo ń wò yìí nípọn ju apá mi lọ. N kò mọ ẹni tó gbìn ín. Kò sẹ́ni tó máa gbin nǹkan yí igi ká báyìí láìnídìí. Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà."

"Bàbá yín ló gbìn ín," ni Fákáyọ̀dé wí.

Ohùn Mùnírù lọ sókè lórí fóònù. "Bàbá mi?"

"Tí mo bá dé, màá sọ fún yín."

Nígbà tí wọ́n padà dé oko, oòrùn ti rọ̀. Mùnírù ká sòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó ń ri igi pérégún tuntun mọ́ ibì kan tí ti àtijọ́ ti kú. Fákáyọ̀dé jókòó sí àyè rẹ̀ lábẹ́ igi, ó sì sọ ìtàn náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀. Mùnírù gbọ́ ọ tán, ó tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí pérégún náà, ó tún tẹ̀ ẹ́.

Fáfúnkẹ́ wà lọ́nà jíjìn díẹ̀, akẹtẹ̀ rẹ̀ lórí, ó ń gba àmì pérégún tuntun náà. Ó na ọwọ́ sí ojú ọ̀run, ó ṣe gbọn-in.

"Nígbà tí àgbálùmọ̀ yìí bá pọ́n," ni Fákáyọ̀dé wí láìwo ẹnikẹ́ni, "kí àwọn ènìyàn rẹ wá rí mi. Kí bàbá àti ìyá rẹ ti Abidjan wá."

"Wọ́n á wá, bàbá. Ẹ ṣé. Wọ́n á wá."

"Tí ẹ bá kọ́ ilé, kó má jìnnà síbí."

"Kò ní jìnnà."

Fákáyọ̀dé fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́. Kókó tó ta ṣì wà lára rẹ̀, kò tíì rántí tú u. "Ilẹ̀ ń ṣú," ló wí. "Pe Àbẹ̀kẹ́ wá."

Jamaldeen dúró, kò dá a lójú pé ó gbọ́ dáadáa.

"Ṣé o ò gbọ́ ni?"

Jamaldeen yíjú sí oko. "Àbẹ̀kẹ́," ló pè.

Ọwọ́ Fáfúnkẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Bàbá rẹ̀ ń wo òkè igi, bí ẹni pé èso ló ń wá níbẹ̀. Fáfúnkẹ́ wá wo Jamaldeen.

"Gàrí ńkọ́?" ló bi í láti ọ̀nà jíjìn.

"Ó ti jinná."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀. N kò yọ nǹkan kan."

Fáfúnkẹ́ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́rùn, ó sì ń bọ̀ láàárín ewé ẹ̀gẹ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ igi àgbálùmọ̀, kò gba àárín pérégún kọjá. Ó yà, ó tọ̀ ọ́ yíká, kó tó wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jamaldeen.